Ogójì Ọdún Lábẹ́ Omi: Èmi àti Igi Odò Àsà

Orúkọ mi ni Jímọ̀. Àwọn ará Ìpàta ní Ìlọrin mọ̀ mí sí Jímọ̀ Abẹ́-Omi, nítorí pé ogójì ọdún ni mo fi wọ odò Àsà lọ wá igi tó ti rì kí wọ́n tó bí bàbá mi. Bí ẹ bá wọ ilé àwọn oníṣòwò àtijọ́ ní àyíká Ọjà-Ọba, tí ẹ gbójú sókè, tí ẹ rí ìtì igi dúdú tó gbé àjà ró, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọwọ́ mi ló gbé e jáde. Mo ti darúgbó báyìí. Orúnkún mi méjèèjì ń ro mí bí òjò bá ṣú, etí mi ọ̀tún ti di nítorí omi. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń jáde nílé-kéwú àti nílé-ìwé òyìnbó máa ń wá jókòó tì mí, wọ́n á ní, "Bàbá, iṣẹ́ wo ni ká ṣe?" Àwọn òbí wọn á dúró lẹ́yìn wọn, wọ́n á máa ṣẹ́jú sí mi pé kí n ní kí wọ́n lọ ṣe akọ̀wé. N kò ní í sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí ojú mi rí ni n ó sọ. Ẹni tó bá gbọ́ ọ tán, kó lọ yan tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ là á yé ẹni tí kò mọ̀. Odò Àsà kò tó odò Ọya, ṣùgbọ́n bó bá kún, ó máa ń jẹ etí ilẹ̀, igi ńlá tó wà níbẹ̀ á sì wó sínú rẹ̀. Àwọn àgbà tún sọ fún wa pé láyé ogun, àwọn èèyàn a máa gé igi dábùú odò kí ẹṣin ọ̀tá má baà ríbi kọjá. Igi rírọ̀ á jẹrà. Ṣùgbọ́n ìrókò, apá àti ayín, ẹrẹ̀ á bò wọ́n mọ́lẹ̀, omi á fa gbogbo oje ara wọn tán, wọ́n á dúdú, wọ́n á le bí irin. Ikán tó ń jẹ ilé wa ní Ìlọrin kì í fẹnu kan irú igi bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń kọ́ ilé alájà fi ń wá a, fún ìtì àjà, fún òpó inú gbọ̀ngán, fún ilẹ̀kùn àti fèrèsé.

Ahunṣọ ni bàbá mi, ahunṣọ ni bàbá tirẹ̀ náà. Mo ti tó ọmọ ogún ọdún, mo ti jókòó ti òfì títí ẹ̀yìn fi ń dùn mí, kí n tó rí Bàbá Tápà lójú iṣẹ́. Mọ́mọ́dù ni orúkọ rẹ̀ gan-an. Tápà ni ìyá rẹ̀, òun ló jẹ́ kí wọ́n máa pè é bẹ́ẹ̀. Òun àti ọkùnrin mẹ́fà ń fa ìrókò kan jáde létí odò. Igi náà ń yọ díẹ̀díẹ̀ bí erinmi tó ń jí lójú oorun. Mo gbàgbé iṣẹ́ tí bàbá mi rán mi. Nígbà tí mo délé, mo ní mo ti rí iṣẹ́ tí mo fẹ́ ṣe.

Bàbá mi wò mí títí. Ó ní, "Jímọ̀, iṣẹ́ tí à ń jókòó sábẹ́ òjìji ṣe ni o kọ̀ yìí, o wá fẹ́ lọ bá ẹja du ilé?"

Mo ní, "Ẹ má bínú, Bàbá. Òfì kò gbà mí."

Ó ní, "Àdúà nìkan ni mo lè ṣe fún ọ." Ó ṣe àdúà náà. Lẹ́yìn ìyẹn, kò bá mi sọ̀rọ̀ fún oṣù mẹ́ta.

N kò ní í fi ọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe gbà mí síṣẹ́ pẹ́ yín. Àbúrò bàbá mi mú mi lọ, wọ́n ka Fátíà, ó parí. Owó ọ̀yà ńkọ́? Oúnjẹ ni mo gbà fún ọdún mẹ́rin àkọ́kọ́.

Omi là á tẹ̀ ká tó tẹ iyanrìn. Ọdún kan gbáko ni Bàbá Tápà kò fi jẹ́ kí n fọwọ́ kan àáké. Ẹsẹ̀ mi ló kọ́kọ́ kọ́ níṣẹ́. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí omi bá fà, á ní kí n wọ inú ẹrẹ̀ dé ìbàdí, kí n máa fi àtẹ́lẹsẹ̀ wá igi. Òkúta máa ń tutù lọ́nà tirẹ̀, gbòǹgbò máa ń rọ̀, igi gidi máa ń ti ẹsẹ̀ padà. Bí mo bá ní, "Bàbá, mo ti rí i," tó bá wá jẹ́ òkúta, n kò ní í jẹun ọ̀sán lọ́jọ́ náà.

Lẹ́yìn ẹsẹ̀ ló kan ọwọ́ àti imú. Á fi aṣọ di èmi àti Sàká lójú, á sì kó ègé igi lé wa lọ́wọ́. Sàká ni ọmọ rẹ̀ ọkùnrin kan ṣoṣo, ó fi bí ọdún kan jù mí lọ.

"Èwo nìyí?"

"Ìrókò ni, Bàbá."

"Tọ́ ọ wò."

Mo fi ahọ́n kàn án, ó korò. "Háà, apá ni."

"Ṣé ahọ́n rẹ wá gbọ́n ju ọwọ́ rẹ lọ ni? Tún bẹ̀rẹ̀."

Sàká á máa rẹ́rìn-ín sínú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, èjìká rẹ̀ á máa gbọ̀n. Òun kì í ṣì í. Bàbá rẹ̀ kò sì yìn ín rí.

Ṣùgbọ́n gbígbẹ ló le jù. Igi tó ti mu omi láti ayé bàbá-ńlá ẹni kò ṣeé gbé sínú oòrùn. Abẹ́ àtíbàbà ni à ń tẹ́ ẹ sí, a ó fi ẹrẹ̀ àti òrí kun ẹnu rẹ̀ méjèèjì kó má baà là, a ó sì máa yí i padà ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn ìrun. Ó máa ń gbà tó ọdún kan ààbọ̀. Ní ọdún kejì mi lẹ́nu iṣẹ́, Bàbá lọ sí Jẹ́bà, mo ní n ó fi ọgbọ́n ara mi hàn. Mo yí apá dáadáa kan jáde sínú oòrùn kó lè tètè gbẹ. Ní ọjọ́ kẹta, a gbọ́ ìró kan bí ìbọn. Igi náà ti là láti orí dé ìdí.

Kí Bàbá tó sọ ẹrù kalẹ̀ ni mo ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Kò nà mí. Ó ní, "Ọjọ́ méje ni wàá fi jókòó tì í. Ibẹ̀ ni wàá ti jẹun, ibẹ̀ ni wàá ti kírun. Ní àárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, wàá máa kí i."

Mo ní, "Kí n kí igi, Bàbá?"

Ó ní, "Kí o kí i kú ìfarapa. Ó dàgbà jù ọ́ lọ."

Ọjọ́ méje ni mo fi kí igi. Àwọn obìnrin tó ń lọ pọnmi á dúró, wọ́n á ní, "Jímọ̀, ṣé ara aláìsàn yín ti ń yá?" Ojú tì mí débi pé láti ìgbà náà títí dòní, n kò gbé igi odò sínú oòrùn mọ́, ì báà jẹ́ ọba ló ń kánjú.

Bàbá Tápà tún ní òfin kan tí kò sí ẹni tó lè bá a jiyàn lé lórí. Bí òjò bá ti dé, tí omi Àsà ti pọ́n, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ wọ ọ́. Okùn àti àáké á gun òkè àjà lọ, ó di ìgbà ọyẹ́. Nínú omi pípọ́n, a kì í rí ọwọ́ ara ẹni, igi tó ti sùn sí ojú kan láti ọjọ́ tó ti pẹ́ sì lè yí padà lójijì. Ó ní, "Ẹni tó bá wọ odò pípọ́n, ó ti kúrò lọ́mọ iṣẹ́ mi." A máa ń rò pé ó le jù.

Nígbà tí ìjọba òyìnbó fìdí múlẹ̀ ní Ìlọrin, tí rélùwéè dé, iṣẹ́ pọ̀. Òyìnbó kan wà tó ń bójú tó ilé kíkọ́. Onírùngbọ̀n là ń pè é nítorí irùngbọ̀n pupa tó dá sí. Ó ń kọ́ ọ́fíìsì ńlá kan. Ó ti gbọ́ nípa igi wa, ló bá wá bá wa ní àárín òjò, òun àti ògbufọ̀ rẹ̀, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó gbọ́ Yorùbá, Hausa àti èdè òyìnbó. Ó ní òun fẹ́ ìtì mẹ́rin kí oṣù tó parí, ọ̀gá òun ń bọ̀ wá wo ilé náà.

Bàbá ní kó padà wá nígbà ọyẹ́.

Ògbufọ̀ ní, "Bàbá, òyìnbó kì í dúró de ọyẹ́."

Bàbá ní, "Sọ fún un pé odò kì í ṣe ọmọ-ọ̀dọ̀ rẹ̀."

N kò mọ bí ògbufọ̀ ṣe túmọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú òyìnbó náà pọ́n ju omi Àsà lọ.

Ní ọjọ́ kẹta, dògárì méjì, ọlọ́pàá ààfin tí òyìnbó náà rán, wọlé Bàbá. Ẹsẹ̀ Bàbá ti wú ní ọ̀sẹ̀ náà, orí ẹní ló wà. Wọ́n ní bí ẹnikẹ́ni kò bá tẹ̀ lé wọn lọ sódò, baba arúgbó náà ni àwọn máa gbé lọ jókòó sí àtìmọ́lé. Sàká dìde. Ó ní, "Ẹ fi bàbá mi sílẹ̀. Mo ń bọ̀." Ó wá kọjú sí mi: "Jímọ̀, ìwọ lo mọ ibi tí apá ńlá yẹn wà."

Òótọ́ ni, mo mọ̀ ọ́n. Ẹsẹ̀ mi ti bá a pàdé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Mo lè sọ pé mo ti gbàgbé. N kò sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù dògárì ń bà mí, mo sì tún rò nínú ara mi pé mo ti mọ odò ju ẹni tó kọ́ mi lọ. Ẹ̀rù àti ìgbéraga, àwọn méjèèjì ló gbé mi lọ.

Bàbá ń pariwo láti orí ẹní, "Sàká! Mo kọ̀! Sàká!"

Sàká ní, "Ẹ máa ṣàdúà fún wa, Bàbá." Rábí ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, Àmínà ọmọ wọn wà lẹ́yìn rẹ̀. Sàká na ọwọ́ kan ẹsẹ̀ ọmọ náà bó ṣe ń kọjá.

Onírùngbọ̀n ti gbé ẹ̀rọ kan sétí odò. Àgbá irin ni, ó ní eyín lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọkùnrin méjì ń fi ọwọ́ yí i, ó sì ń wé ẹ̀wọ̀n irin mọ́ ara. Títí di ọjọ́ náà, okùn àti apá èèyàn la fi ń fa igi; bí ẹni kan bá pariwo, gbogbo ọwọ́ á dúró. Ẹ̀rọ náà kò létí. Sàká so okùn mọ́ ìbàdí, èmi di orí rẹ̀ mú lókè. Àdéhùn wa ni pé bó bá fà á lẹ́ẹ̀kan, ẹ dúró. Bó bá fà á lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ fa igi.

Ó wọlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó so ẹ̀wọ̀n mọ́ orí igi. Ó wọlẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta láti lọ so ìdí. Mo gbọ́ ọ lọ́wọ́ mi: ẹ̀ẹ̀kan.

Mo kígbe, "Ẹ dúró! Ó ní ẹ dúró!"

Onírùngbọ̀n ń wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ó sọ nǹkan, ògbufọ̀ sì ní, "Ẹ yí i!" Àlejò ni àwọn tó wà nídìí ẹ̀rọ, ẹ̀rù òyìnbó bà wọ́n ju ohùn mi lọ. Wọ́n yí i. Ẹ̀wọ̀n náà le gírí. Okùn ọwọ́ mi fà lẹ́ẹ̀kan sí i, ó fà gidi gan-an, kò sì fà mọ́.

Mo bẹ́ sómi. Ó ṣókùnkùn nísàlẹ̀ bí inú ìkòkò. Ọwọ́ rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ fi ọwọ́ bà. Igi ti yí lé e láyà. Ó di ìka mi mú, lẹ́yìn náà ó jù ú sílẹ̀. Mo jáde, mo tún wọlẹ̀, mo jáde, mo tún wọlẹ̀, títí wọ́n fi dì mí mú. Ìrun àlàásárì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọlé kí a tó gbé òkú rẹ̀ jáde. A sin ín kí oòrùn tó wọ̀.

Ohun kan wà tí n kò lè fi pamọ́ fún ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́. Mo pariwo, ṣùgbọ́n n kò fò mọ́ ẹ̀rọ náà. Ká ní mo ti ki ọwọ́ bọ eyín irin yẹn, ọwọ́ nìkan ni ì bá lọ.

Lẹ́yìn àdúà ọjọ́ kẹta, Bàbá pè mí. Ó ní, "Ìwọ lo di okùn mú?"

"Èmi ni, Bàbá."

"Ẹ̀ẹ̀melòó ló fà á?"

"Ẹ̀ẹ̀kan. Mo gbọ́ ọ. Mo pariwo."

Ó mi orí títí. Ó ní, "Ohun tí o gbọ́ yẹn ni kí o máa sọ. Má fi kún un, má yọ níbẹ̀."

Ọ̀sẹ̀ kò tíì pé tí wọ́n fi ránṣẹ́ pè mí sí ọ́fíìsì. Ìwé kan wà lórí tábìlì. Ògbufọ̀ kà á fún mi pé Sàká ọmọ Mọ́mọ́dù mu ọtí yó, ó wọ odò láìgbàṣẹ láti jí igi, odò sì gbé e lọ. Ó ní kí n tẹ àtàǹpàkò mi síbẹ̀.

Mo ní, "Sàká kò fi ọtí kan ẹnu láti ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ ti bí i. Dògárì ló mú wa lọ. Ẹ̀ẹ̀kan ló fa okùn."

Onírùngbọ̀n sọ̀rọ̀ títí, ó ń gbá tábìlì. Ògbufọ̀ rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní, "Arákùnrin, tẹ̀ ẹ́, kí o máa lọ sílé. Òkú kò gbọ́."

Mo ní, "Òkú kò gbọ́. Èmi gbọ́."

Oṣù kan ni mo fi fọ́ òkúta lójú ọ̀nà, tí ẹ̀wọ̀n wà lẹ́sẹ̀ mi. Wọ́n rí àtàǹpàkò ẹlòmíràn fi sí ìwé náà, ó sì dúró lọ́fíìsì bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n tú mi sílẹ̀, Bàbá Tápà ni mo kọ́kọ́ rí lẹ́nu ọ̀nà. Ó fi igi tilẹ̀ lórí ẹsẹ̀ wíwú yẹn wá. Ó mú àáké rẹ̀ lé mi lọ́wọ́, ó ní, "Máa ṣe é lọ." Bí mo ṣe gba òmìnira iṣẹ́ mi nìyẹn. A kò se oúnjẹ, a kò pe ẹnikẹ́ni.

Láti ìgbà náà, a kò ṣiṣẹ́ ìjọba mọ́. Àwọn èèyàn ní ebi á pa wá. Ṣé igi téèyàn fẹ̀yìn tì tí kò gbani dúró, bó bá wó luni, kò lè pani. Àwọn oníṣòwò tó ń kọ́ ilé alájà pọ̀ nílùú, wọ́n dúró de ọyẹ́, wọ́n sì dúró kí igi gbẹ. Bàbá kú lẹ́yìn ọdún díẹ̀, mo di ọ̀gá.

Àwọn kan rò pé mo kórìíra ohun tuntun. Irọ́ ni. Nígbà tí ayùn gígùn dé, tí ọkùnrin kan ń dúró lókè igi tí èkejì ń dúró nínú kòtò, èmi wà lára àwọn tó kọ́kọ́ lò ó. Mo gba bébà oníyanrìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ewé ìpín ṣì ń mú igi dán jù ú lọ lójú tèmi. Mo tiẹ̀ ra ẹ̀rọ ìfagi, irú èyí tó pa Sàká. Ẹnu ya àwọn èèyàn. Ṣùgbọ́n mo ní òfin tèmi: ẹni tó di okùn mú ni ọwọ́ rẹ̀ kejì gbọ́dọ̀ wà lára ọ̀pá tí wọ́n fi ń yí ẹ̀rọ. Bó bá gbọ́ ẹ̀ẹ̀kan, kó má pariwo rárá, kó di ọ̀pá náà mú gírígírí. Láti ìgbà tí mo ti di ọ̀gá títí mo fi ṣíwọ́, n kò sin ẹnikẹ́ni mọ́.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀ sí ilé Onírùngbọ̀n? Wọ́n fa apá tó pa Sàká jáde, ṣùgbọ́n kò dúró kó gbẹ. Ó là á ní pákó ní tútù, ó gbé e sórí òrùlé. Òjò méjì kò tíì rọ̀ tí igi náà fi lọ́, tó là, tí àjà sì tẹ̀. Ó yọ ọ́, ó fi pákó funfun tí ọkọ̀ òkun gbé wá sí i, òun fúnra rẹ̀ sì padà sí ìlú rẹ̀. Ikán jẹ pákó náà. Wọ́n ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Èyí tí ikán jẹ yìí, n kò rí ẹwà kankan tó bù sí i.

Àjẹ́lẹ̀ tuntun kan dé tó gbọ́ ìtàn igi wa. Ó wá fúnra rẹ̀ sí àtíbàbà mi, èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ògbufọ̀ kan náà ló sì tẹ̀ lé e, orí rẹ̀ ti funfun. Wọ́n fẹ́ ìtì mẹ́fà. Mẹ́fà wà lọ́wọ́ mi, ayín ni gbogbo wọn, wọ́n ti gbẹ dáadáa.

Mo ní, "Ìwé kan wà lọ́fíìsì yín tó ní Sàká ọmọ Mọ́mọ́dù jẹ́ ọ̀mùtí àti olè. Ẹ kọ òmíràn tó ní kò rí bẹ́ẹ̀, kí ẹ kà á níwájú àwọn èèyàn. Ọjọ́ tí ẹ bá kà á ni igi máa kúrò níbí."

Ògbufọ̀ wo ilẹ̀. Ó túmọ̀ rẹ̀ pátá, mo mọ̀, nítorí ó pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Àjẹ́lẹ̀ náà wá ìwé náà, ó rí i. Ó ní òun kò lágbára láti yí i padà, ṣùgbọ́n òun máa kọ̀wé sí àwọn ọ̀gá òun. Mo gbà á gbọ́. A gbẹ́ ìtì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sí ìwọ̀n ilé wọn, ogún ẹsẹ̀ bàtà ní gígùn. Kí èsì tó dé, wọ́n gbé Àjẹ́lẹ̀ náà lọ sí ìlú mìíràn. Ẹni tó rọ́pò rẹ̀ kò mọ Sàká, kò sì fẹ́ mọ̀ ọ́n. Ìkéde ló kọ́kọ́ ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ jáde, wọ́n kà á ní Ọjà-Ọba: gbogbo igi tó wà nínú odò, ti ìjọba ni. Ẹni tó bá fẹ́ wa igi gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ, ẹni tó bá sì ní èyí tó ti wà sílẹ̀, kó kó o wá kí oṣù tó parí.

Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi bẹ̀ mí. Wọ́n ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká gba ìwé náà. Ìwé lásán ni." Mo ní kí ẹni tó bá fẹ́ lọ gbà á, n kò ní í bínú. Ní tèmi, odò tí mo sin ọ̀rẹ́ mi láti inú rẹ̀, n kò ní í tọrọ àyè kí n tó wọ ọ́ lọ́wọ́ ẹni tí kò wọ ọ́ rí. Ọ̀sẹ̀ náà ni mo ṣíwọ́. Ṣùgbọ́n ìtì mẹ́fà yẹn kò ní í bọ́ sọ́wọ́ wọn.

Mo lọ sílé Rábí lẹ́yìn Ìpàta. Kò lọ́kọ mìíràn láti ìgbà náà. Òwú ló ń ran tó fi tọ́ Àmínà dàgbà, òrùlé koríko tó ń jò ló sì ń gbé abẹ́ rẹ̀.

Mo ní, "Ìyá Àmínà, mo fẹ́ gbé àjà sí ilé yín."

Ó wo ìtì tí àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ti wọ́ délẹ̀. Ó fi orúkọ ọmọ mi pè mí, ó ní, "Bàbá Sàlíù, igi yín gùn jù. Yàrá mi kò gbà ju ìdajì rẹ̀ lọ. Àbí ẹ fẹ́ gé e?"

Mo ní, "N kò ní í gé e. Ilé la máa fà gùn."

Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ó fi gèlè nu ojú. A wó ògiri kan, a sún un síwájú. Gbogbo àdúgbò pò yẹ̀pẹ̀. Ògbufọ̀ arúgbó yẹn náà wá ní ọjọ́ kan, ó ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè, ó ru yẹ̀pẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. A gbé òpó sábẹ́ ìtì kí ògiri tó gbẹ. Oṣù kò tíì parí tí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà fi wà lókè.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, aṣọ́gbó ìjọba bá mi nílé Rábí. Ọ̀dọ́ kan ni, ọmọ Ogbómọ̀ṣọ́, ọmọ ìjọ onígbàgbọ́, ó wọ aṣọ kákí, ìwé wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ kí ó tó sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, wọ́n ní ìtì mẹ́fà wà lọ́wọ́ yín. Wọ́n ní kí n wá kó o."

Mo ní, "Kí ni ìwé rẹ sọ?"

Ó kà á. "Igi tí a wa láti inú odò."

Mo ní, "Wò ó lókè. Opó kan ló ń sùn lábẹ́ rẹ̀. Bí o bá fẹ́ kó o, bẹ̀rẹ̀ láti orí rẹ̀."

Ó gbé ojú sókè, ó ń kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó ṣe ń kà á lọ́wọ́ ni òjò bẹ̀rẹ̀, òjò ńlá tó ń fi afẹ́fẹ́ síwájú. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, omi ń gbá a lẹ́yìn.

Rábí ní, "Ọmọ mi, wọlé. Ṣé o fẹ́ kí òjò pa ọ́ ni?" Ó na àpótí sí i, ó bu ẹ̀kọ gbígbóná fún un.

Ọ̀dọ́ náà jókòó. Òjò náà rọ̀ títí, ẹ̀kán kan kò sì kán sílẹ̀ nínú yàrá náà. Ó fi ọwọ́ kan òpó, ó ní, "Igi kí nìyí, Bàbá?" Mo ní ayín ni. Ó ní, "Ta ló ni ín?" Rábí ló dá a lóhùn. Ó sọ orúkọ ọkọ rẹ̀ fún un, ó sì sọ bó ṣe kú, láìfi kún un, láìyọ níbẹ̀. Nígbà tí òjò dá, ọ̀dọ́ náà dìde. Ó ká ìwé rẹ̀, ó fi í sínú fìlà, ó sì tún dọ̀bálẹ̀ fún Rábí.

Ó ní, "Mo dúpẹ́, Ìyá. Ilé ni mo bá níbí. N kò rí igi."